Irin Inú Ìrókò Ààlà

Ẹ má bínú pé mo jókòó kí n tó kí yín tán. Orúnkún mi kì í dúró de ẹnu mi mọ́. Bó bá ti rí ìjókòó báyìí, ó ti tẹ̀ nìyẹn. Ẹ fún mi lómi díẹ̀, kí ẹ sì sún mọ́ mi, nítorí ohùn tí mo fi ń pe ajá láti òkè kan dé òkè kejì nígbà kan rí, kò lè kọjá àwùjọ yìí mọ́. Ohun tí ojú mi rí nínú Igbó Apẹ́dàgbà ni ẹ ní kí n sọ. N óò sọ ọ́. N kò ní sọ bí mo ṣe ń dáná àti bí mo ṣe ń sùn, nítorí gbogbo ọdẹ ló ń dáná, gbogbo ọdẹ ló sì ń sùn. Ohun tó mú mi lọ ni n óò sọ, àti ohun tó pàdé mi.

Ọdẹ́díran ni orúkọ mi, ọmọ Ìdí-Ọ̀mọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ kéré kò mọ̀ mí nígbà tí wọ́n ń pè mí ní ọdẹ. Ẹfọ̀n tó bá gbóòórùn mi nígbà náà á kọ́kọ́ dágbére fún aya rẹ̀ kó tó sá. Mo ti bá ìkookò du ẹran kan ṣoṣo, èmi ni mo sì jẹ ẹran náà. Àwọn igbó tí àwọn ọdẹ mìíràn fi ń dẹ́rù ba ọmọ wọn, mo ti wọ̀ wọ́n, mo sì ti jáde pẹ̀lú ẹran lọ́rùn. Àwọn àgbà ní bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́ ro ìyà, tó bá pa ẹran, kò ní fún ẹnìkan jẹ. Èyí tí mo lọ yìí, n kò pa ẹran kankan bọ̀, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má retí ẹran lẹ́nu mi.

Ẹ mọ Odò-Àyìn, ìlú tó wà ní ìsàlẹ̀ lẹ́bàá odò. Láti ayé àwọn baba ńlá wa ni oko wa àti oko wọn ti fara kanra. Nígbà tí àwọn méjì tó tẹ ìlú méjèèjì dó pín ilẹ̀, wọn kò kọ ìwé, wọn kò sì ri òkúta mọ́lẹ̀. Wọ́n mú ọ̀kọ̀ kan, wọ́n gún un wọ inú igi ìrókò kékeré kan ní ọ̀gangan àyà wọn, wọ́n ṣẹ́ ọ̀pá rẹ̀ dànù, wọ́n sì fi irin rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n ní ibi tí irin yìí bá wà ni ààlà. Ọ̀rọ̀ náà yé wọn dáadáa. Ṣùgbọ́n àwọn kú, ìrókò kò kú. Nígbà tó fi máa kan ìran tiwa, ìrókò ńláńlá méjì ló dúró sí agbègbè náà, ọ̀kan lẹ́bàá odò, ọ̀kan lókè lọ́hùn-ún, ilẹ̀ kòkó tó dára jù lọ sì wà láàárín méjèèjì.

Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Bí irin bá wà nínú ìrókò ẹ̀bá odò, àwa Ìdí-Ọ̀mọ̀ la ni ilẹ̀ àárín. Bó bá wà nínú ìrókò òkè, Odò-Àyìn ló ni ín. A yẹ igi méjèèjì wò yípo, a kò rí irin lára ìkankan. Tọmọdé tàgbà ló wá gbà pé igi ti gbé e lọ sókè. Wọ́n ní ọmọ tó bá ń dàgbà, àyà rẹ̀ kì í dúró síbi tó wà nígbà tó ń rá kòrò. Bẹ́ẹ̀ náà ni àyà igi. Ọ̀rọ̀ náà jọ òótọ́ létí gbogbo wa. Ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín, ẹ̀yin ènìyàn mi, ohun tó jọ òótọ́ ti pa ènìyàn ju irọ́ lọ, nítorí irọ́ a máa ní ẹni tó ń bá a jà.

Mo ní àbúrò kan, Ọdẹ́sọlá. Ìyá kan náà, baba kan náà. Òun kò fẹ́ràn ìbọn bíi tèmi. Igi gígun ni tirẹ̀. Bó bá so igbà mọ́ ìdí, tó fi ẹsẹ̀ ti ọ̀pẹ, ẹ ó rò pé orí ilẹ̀ ló ń rìn. Nígbà tí wọ́n ń wá ẹni tí yóò gun ìrókò ẹ̀bá odò lọ wo irin, wọn kò pe orúkọ ẹlòmíràn. Ó gùn ún ní òwúrọ̀, lójú gbogbo wa. A dúró lókèèrè nítorí ẹ̀ka gbígbẹ tó lè já lù wá; ọkùnrin ará Odò-Àyìn kan tí wọ́n ń pè ní Ṣówándé, tí ìlú rẹ̀ rán wá ṣe ẹlẹ́rìí, nìkan ló dúró ní ìdí igi gan-an. Ọdẹ́sọlá gun igi náà títí a fi ń gbé orí sókè wò ó bí ẹni ń wo ẹyẹ. Ó dé ibi tí ẹ̀ka àkọ́kọ́ ti yà, ó ń fi ọwọ́ pa èèpo igi wò. Igbà já. N kò ní sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ohun tí a rí láti òkèèrè ni pé bí igbà ti já, Ṣówándé na ọwọ́ méjèèjì sókè. Igbó kò jẹ́ kí a rí ìyókù, nígbà tí a sì fi máa sáré dé ìdí igi, ó ti lọ. Àwọn ọ̀dọ́ wa ní ọfọ̀ ló ń pè, pé òun ló fi ẹnu já igbà. Kí oòrùn tó wọ̀, gbogbo ìlú ti gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́, èmi sì gbà á gbọ́ ju gbogbo wọn lọ. A sin Ọdẹ́sọlá. Ìyá wa, Àwẹ̀ró, kò sunkún lójú ẹnikẹ́ni. Ó kàn jókòó, ó kọjú sí ògiri, bí a bá sì gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, á ní kí a gbé e fún ẹni tí ebi ń pa. Àwọn ọ̀dọ́ ń pọ́n àdá. Ní Odò-Àyìn náà, a gbọ́ pé wọ́n ń pọ́n.

Olúọdẹ wa nígbà náà, Bàbá Aríyìíbí, ló dá wọn dúró. Ó ní òun gbọ́ lẹ́nu baba òun pé àwọn tó ń tọ́ igi dàgbà wà ní Igbó Apẹ́dàgbà, lẹ́yìn àwọn òkè tí ẹ ń wò yẹn. Kí ẹnìkan lọ bi wọ́n bí wọ́n ti gbé irin náà ga tó, kó má bàa di pé a ń pàdánù ọmọ lórí igi, a tún ń pàdánù ọmọ nílẹ̀. Gbogbo ojú yí sí mi. Mo ní n óò lọ. Wọ́n yìn mí pé mo ní sùúrù àgbà. Wọn kò mọ̀ pé ọ̀nà igbó náà gba ẹ̀yìn oko Ṣówándé, àti pé mo ti ki ọta kan sínú ìbọn mi tí n kò fẹ́ fi pa ẹran. Bí mo bá ń bọ̀, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò ní retí mi, ni mo fẹ́ yà síbẹ̀.

Igbó Apẹ́dàgbà kò dà bí igbó. Ní igbó mìíràn, ẹyẹ ni ẹ ó kọ́kọ́ gbọ́. Níbẹ̀, igi ni. Ìró kan ń jáde lára wọn, bí ìgbà tí ènìyàn jí láti ojú oorun, tó ń na ara, tí egungun rẹ̀ ń dún lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sí igi tó dákẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ rò pé igi kàn dúró lásán ni, ẹ ò tí ì dúró tì í pẹ́ tó.

Níbi tí àwọn igi kéékèèké pọ̀ sí ni mo ti pàdé ẹni àkọ́kọ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrú bíi ti pẹ́pẹ́yẹ, ṣùgbọ́n ọrùn rẹ̀ àti ọwọ́ rẹ̀ gùn tó bẹ́ẹ̀ tí n kò fi rí ibi tí wọ́n parí sí, àfi ìgbà tó tẹ̀ wálẹ̀ láti wò mí. Ó fi ọwọ́ kan di ṣóńṣó orí igi kan mú, ó fi ìkejì di ti òmíràn, ó ń fà wọ́n sókè díẹ̀díẹ̀, ó sì ń mí bí ẹni tó ru ọ̀gẹ̀dẹ̀ gun òkè. Òógùn rẹ̀ ń kán sórí ewé bí ìrì. Ẹ̀rù bà mí, ṣùgbọ́n ọdẹ tó bá jẹ́ kí ẹ̀rù mọ̀ pé òun rí i, kò ní padà sílé. Mo kí i, mo ní ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá.

“Iṣẹ́ kì í kú,” ó dá mi lóhùn. “Àwa là ń kú sídìí rẹ̀. Kí ni ìwọ ń wá?”

Mo sọ fún un. Mo bi í pé irin tí wọ́n gún mọ́ àyà ìrókò láti ayé àwọn baba ńlá wa, ibo ló ti gbé e dé báyìí. Ó rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe ẹ̀rín ẹlẹ́yà. Ẹ̀rín ẹni tó ti rẹ̀ ni. Ó ní Agùnmáwẹ̀yìn ni orúkọ òun, pé láti ìgbà tí igbó ti wà ni òun ti ń fa orí igi lọ bá oòrùn, òun kò sì tí ì sinmi rí. Ó ní òun kì í dáhùn lọ́fẹ̀ẹ́. Òun yóò pa àlọ́ kan fún mi. Bí mo bá mọ̀ ọ́n, mo ti mọ ohun tí mo wá bi òun nìyẹn. Bí n kò bá mọ̀ ọ́n, n óò bá òun di orí igi kan mú kí òun lè sùn díẹ̀, n kò sì gbọdọ̀ fi í sílẹ̀ títí òun yóò fi jí.

“Kí ló ń ga lójoojúmọ́, tí ìdodo rẹ̀ kò kúrò níbi tí wọ́n bí i sí?”

Mo ní èéfín. Ó ní èéfín kò ní ìdodo. Mo ní òkè. Ó ní òkè kì í ga, ènìyàn ló ń kúrú. Mo ronú títí orí fi ń ta mí. Èmi tí mo máa ń pa àlọ́ fún àwọn ọdẹ ẹgbẹ́ mi títí wọn yóò fi sanwó ẹmu, mo dúró bí ẹni tí ẹnu rẹ̀ sọnù. Ó fi orí igi àfàrà kékeré kan lé mi lọ́wọ́, ó gbé ọrùn rẹ̀ lé gbòǹgbò, oorun sì gbé e lọ.

Ẹ fetí sí èyí dáadáa, nítorí n kò ní agbára àtisọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Mo ti fi àpò ọdẹ mi kọ́ sára igi náà, lórí kùkùté ẹ̀ka kan tó bá mi dé ìbàdí. Mo di orí igi mú. Mo rò pé èmi ni n óò máa fà á. Òun ló ń fà mí. Oòrùn yọ láàárín ewé lókè bí ìyá tó yọjú lẹ́nu ọ̀nà, igi náà sì ń lọ bá a. Mo rí i lábẹ́ ìka mi bí ara tuntun ti ń jáde ní ṣóńṣó rẹ̀, ó rọ̀ bí àwújẹ̀ ọmọ tuntun, ó ń le, òmíràn sì tún ń jáde lórí rẹ̀. Ẹsẹ̀ mi kúrò nílẹ̀. Mo fi itan di igi mú. Nígbà tí mo fi máa bojú wolẹ̀, orí àwọn igi yòókù ti wà lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, ọwọ́ mi sì ti kú dànù. Ibẹ̀ ni àbúrò mi ti sọ sí mi lọ́kàn, bó ti wà lókè, tí gbogbo wa wà nílẹ̀. Mo wá àpò mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, nítorí mo rò pé àwa méjèèjì la jọ ń lọ sókè. Kò sí níbẹ̀. Nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún ni mo ti rí i, níbi tí mo fi í kọ́ sí, ní ìwọ̀n ìbàdí ẹni tó bá dúró nílẹ̀. Kò fi ìbú ìka kan kúrò. Gbogbo gíga tí igi náà ga, orí ló ti wá. Ìbàdí rẹ̀ kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀.

Mo ké pé, “Igi ni.” Mo tún un wí, nítorí n kò mọ̀ bóyá ohùn mi ṣì ń dé ilẹ̀. Agùnmáwẹ̀yìn jí, ó na ọwọ́, ó gba orí igi lọ́wọ́ mi, èmi sì já bọ́ sórí ewé gbígbẹ. Ìbàdí tí mo fi ń tiro títí di òní, ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀.

Ó ní ó pẹ́ kó tó yé mi, ṣùgbọ́n òun ti sùn díẹ̀, òun dúpẹ́. Ó ní orí nìkan ni iṣẹ́ òun. Ohun tí òun bá ti fà kọjá, òun kì í padà sí i mọ́. Bí wọ́n bá gún irin mọ́ àyà igi, àyà náà ni irin yóò wà títí ayé. Mo ní ṣùgbọ́n a wo àyà igi náà, a kò rí i. Ó ní kí n lọ bá Ìyá Aláṣọ, òun ló ń tọ́jú ìbàdí igi. Kí n tó bi í níbo, ó ti gbé ọrùn rẹ̀ padà sókè.

Mo tiro wọ inú igbó lọ, níbi tí àwọn igi ńlá wà. Ó rẹ̀ mí. Kì í ṣe àárẹ̀ ẹsẹ̀ nìkan. Láti ọjọ́ tí a ti sin Ọdẹ́sọlá, n kò tí ì sùn kí n sùn tán. Mo rí arère kan tó tóbi, mo fi ẹ̀yìn tì í, mo gbé ìbọn sórí itan, mo ní kí n kan di ojú fúngbà díẹ̀. Ọdẹ kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ní igbó àjèjì. Mo mọ̀. Mo ṣe é.

Ìgbà tí mo fẹ́ dìde, èjìká mi òsì kò tẹ̀ lé mi. Mo wò ó: èèpo igi ti bò ó. Kò dùn mí, kò sì gbóná. Ńṣe ló ń wọ ara mi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ìgbà tí ìyá bá ń fi aṣọ bo ọmọ tó sùn. Ohùn obìnrin àgbàlagbà kan sì wá láti ẹ̀yìn etí mi, láàárín èèpo àti ara igi.

“Má mì. Bí o bá ń mì, aṣọ náà á wọ́.”

Mo ní, “Ìyá, ènìyàn ni mí.”

Ó ní igi ni mí. Ó ní gbogbo ohun tó bá fara ti igi tí kò kúrò, ara igi ni, òun á sì wọ aṣọ fún un. Mo rí i nígbà tó yọ díẹ̀ láàárín èèpo: obìnrin tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí aṣọ tí wọ́n sá sórí okùn, tó lómi lára, tí ọwọ́ rẹ̀ kò dúró. Ó ń wun, ó sì ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí kò rí ẹni bá sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Ó ní ẹni tó wà lókè ń fa orí wọn lọ láìwẹ̀yìn. Bí òun kò bá fi aṣọ kún ìbàdí wọn lọ́dọọdún, ọrùn wọn á ṣẹ́ nígbà ìjì. Ó ní nígbà òjò, òwú pọ̀, òun á wun aṣọ fífẹ̀, tó funfun díẹ̀. Bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá dé, òwú á wọ́n, òun á wun tóóró, tó dúdú, tó le. Igi kì í bọ́ èyí tó wọ̀ tẹ́lẹ̀. Tuntun ló ń wọ̀ lé ògbólógbòó, títí ìbàdí rẹ̀ yóò fi tóbi tó ilé. Ó ní ohunkóhun tó bá wà lára igi nígbà tí òun bá dé, ìbáà ṣe òkúta, ìbáà ṣe okùn, ìbáà ṣe irin, òun á wọ aṣọ kọjá lórí rẹ̀, nítorí iṣẹ́ pọ̀, òun kò ráyè yọ nǹkan kúrò.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ìgbà yẹn ni mo mọ ibi tí irin wà. Ṣùgbọ́n kí ni èrè kí ẹni tí igi ń gbé mì mọ ibi tí irin wà? Èèpo náà ti dé ọrùn mi. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní kó wo ojú mi, kó wo irùngbọ̀n mi. Ó ní òun ti fọwọ́ kan àyà mi nígbà tí mo sùn, òun bá ohun líle kan níbẹ̀ tí mo wọ aṣọ lé, tí mo tún wọ aṣọ lé. Ènìyàn a máa bọ́ nǹkan sílẹ̀; igi nìkan ni kì í bọ́. Bí mo bá ń pe ara mi ní ènìyàn, kí n bọ́ ohun kan kí òun rí. Mo fi ọwọ́ kan tó ṣẹ́ kù fa gbérí ọdẹ mi ya, mo jù ú sílẹ̀. Ó ní òwú lásán nìyẹn. Mo bọ́ ọ̀ndè ọrùn mi. Ó ní awọ nìyẹn. Ó wá fọwọ́ kan ìbọn mi, ó fà á padà bí ẹni tí omi tútù kàn lára.

“Ta ni ọta inú nǹkan yìí wà fún?”

Èèpo igi dé àgbọ̀n mi. Mo sọ fún un. Mo ní ti Ṣówándé ni, ará Odò-Àyìn, tó na ọwọ́ sókè, tó fi ọfọ̀ já igbà àbúrò mi.

Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ìgbà kan ṣoṣo tí mo rí i tó dúró nìyẹn. Ó ní òun wà nínú ìrókò náà ní òwúrọ̀ yẹn, lábẹ́ èèpo, òun ń ṣiṣẹ́. Ó ní òun rí igbà nígbà tó kọjá lára òun, ó ti gbó níbi tó ti ń ha igi. Òun sì rí ọkùnrin tó wà nídìí igi. Ó ní ẹni tó ń pe ọfọ̀ a máa na ìka. Ọkùnrin yẹn ṣí àtẹ́lẹwọ́ ni, ó sì tẹ orúnkún, bí a ti ń ṣe nígbà tí ọmọ bá fẹ́ fò láti orí àga wá sí ọwọ́ wa.

“Ó fẹ́ gbà á,” ó ní. “Ọmọ náà ṣẹ́ apá ọkùnrin náà méjèèjì kó tó dé ilẹ̀.”

Mo ní irọ́ ni. Ó ní kí ni òun fẹ́ fi irọ́ ṣe. Mo wá rántí pé láti ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni kò rí Ṣówándé lóko, a sì ń sọ pé ìtìjú ló ń sá fún. Mo gbé ìbọn sókè pẹ̀lú ọwọ́ kan, ó wúwo ju bó ti máa ń wúwo lọ, mo sì yìn ín sí òfurufú. Ewé rọ̀ sílẹ̀ bí òjò. Nígbà tí èéfín kúrò, mo ti wà lórí ìkúnlẹ̀ ní òde igi, mo ń sunkún bí ọmọdé, èjìká mi sì tutù bí èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ kúrò nínú aṣọ tútù.

Ìyá Aláṣọ dúró dè mí díẹ̀. Ó ní kí n padà sílé, kí n má wá irin ní ibi tí ojú kò tó. Kí n dúró ní ìdí igi, kí n fi ẹ̀yìn àdá kan án ní ọ̀gangan àyà ara mi. Níbi tí òun bá ti wọ aṣọ kọjá lórí nǹkan, ìró rẹ̀ kì í mọ́ bíi ti ibòmíràn. Ṣùgbọ́n ó bá mi dá májẹ̀mú kan. Ó ní kí a gbẹ́ ihò tí kò ju ojú fèrèsé kékeré lọ. Aṣọ tuntun tó wà lábẹ́ èèpo ni ẹ̀mí igi. Bí a bá gé e yí igi po, igi náà kú nìyẹn, bó ti wù kó tóbi tó. Mo búra fún un. Ó wọ inú arère padà, n kò sì rí i mọ́ títí di òní.

N kò gba ẹ̀yìn oko Ṣówándé nígbà tí mo ń bọ̀. N kò ní ojú tí n óò fi wo ilé rẹ̀. Nígbà tí mo dé etí odò, òwúrọ̀ ni, ìlú méjèèjì sì ti pé. Àwọn ọ̀dọ́ wa ní ọ̀tún, tiwọn ní òsì, àdá lọ́wọ́ gbogbo wọn. Sùúrù tí Bàbá Aríyìíbí bẹ̀ wọ́n ti tán. Mo tiro gba àárín wọn kọjá, láìní gbérí, èjìká mi bó, wọ́n sì rò pé orí mi ti dàrú. Mo ní kí ẹnikẹ́ni má gun igi mọ́. Mo ní irin náà wà ní ọ̀gangan àyà yín níbi tí ẹ dúró sí yìí. Baálẹ̀ Odò-Àyìn ní bó bá wà níbẹ̀, kí ló dé tí òun kò fi rí i láti ìgbà tí òun ti ń kọjá níbẹ̀. Mo bi í bóyá ó ń rí egungun àyà ara rẹ̀. Kò bínú. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí n ṣe é.

Mo kọ́kọ́ kan ìrókò òkè yípo; ìró rẹ̀ mọ́ gaara níbi gbogbo. Mo kan ìrókò ẹ̀bá odò. Ní apá tó kọjú sí ìlà oòrùn, ìró náà kú. Mo pe gbẹ́nàgbẹ́nà ìlú wa kan àti tiwọn kan, mo ní kí wọ́n jọ gbẹ́ ẹ, kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ pé àwa la fi irin síbẹ̀. Wọ́n ṣí èèpo, oje jáde. Wọ́n gbẹ́ wọnú, aṣọ igi sì ń yọ lọ́kọ̀ọ̀kan, fífẹ̀ kan, tóóró kan. Bàbá arúgbó kan láti Odò-Àyìn fi ìka tọ́ wọn, ó dúró lórí ibi tí àwọn tóóró ti tẹ̀ lé ara wọn, ó ní ọdún tí òjò kọ̀ nìyí, tí a jẹ iṣu àjẹkù eku. Bàbá Aríyìíbí ní òótọ́ ni, ọdún náà ni òun sin ìyá òun. Àwọn méjèèjì dúró síbẹ̀, wọ́n ń wo ọdún ayé wọn lára igi, ọ̀pọ̀ àdá sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀.

Nígbà tí ihò náà gba apá dé ìgúnpá, irin pàdé irin. Ẹnu ọ̀kọ̀ náà ti dúdú, igi sì ti fún un mọ́ra gbágbá, kò ṣeé yọ. Àwọn Baálẹ̀ méjèèjì ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, wọ́n fọwọ́ kàn án. Baálẹ̀ Odò-Àyìn ní ó tán, ilẹ̀ àárín ti Ìdí-Ọ̀mọ̀ ni. Àwọn ọ̀dọ́ wa hó yè, wọ́n ń gbé ara wọn sókè.

Ìyá mi ló la àárín wọn kọjá. A kò mọ ẹni tó sọ fún un. Ọ̀pá ló fi ń rìn, ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀, ó sì rù gan-an. Ó dé ìdí igi. Ó na ọwọ́, kò gbé ẹsẹ̀ sókè, kò na ọrùn, ó ki ọwọ́ bọ inú ihò náà, ó fọwọ́ kan irin. Ó pẹ́ kó tó yọ ọwọ́.

“Kò ga,” ó ní. “Kò ga ju ibi tí mo ti ń pọ̀n ọmọ mi lọ.”

Ariwo náà kú lẹ́nu wọn.

Ó yíjú, ó bèèrè Ṣówándé. Àwọn ará Odò-Àyìn kọ́kọ́ fi í pamọ́ sáàárín wọn, nítorí wọn kò mọ ohun tí ìyá mi fẹ́ ṣe, ṣùgbọ́n ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ jáde. Apá rẹ̀ méjèèjì wà nínú igi àti okùn, wọ́n fi aṣọ gbé wọn kọ́ sí i lọ́rùn, ojú rẹ̀ sì ti wọ inú. Ìyá mi wo apá náà. Mo ti múra láti sọ ohun tí mo mọ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó nílò rẹ̀. Gbogbo wa ń wo apá náà.

Ó bi í pé, “Ṣé ó sọ nǹkan kan, nígbà tó ń bọ̀?”

Ṣówándé gbé ojú sókè wo orí igi náà.

“Ó ní kí n yẹra, ìyá. Ó ní, ‘Ẹ yẹra, bàbá.’”

“Ìwọ kò sì yẹra.”

“N kò yẹra.”

Ìyá mi dúró tì í. Aṣọ tó gbé apá rẹ̀ òsì kọ́ ti ń tú níbi ọrùn. Ó gbé ọ̀pá rẹ̀ fún mi láìwo ojú mi, ó na ọwọ́ méjèèjì, ó tú ìdì náà, ó sì tún un dì fún un, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí kò ní ibi kankan tó ń lọ. Nígbà tó ṣe tán, ó ní ebi ń pa òun. A mú un lọ sílé.

Ibi tí ẹsẹ̀ mi gbé mi dé nìyí, ẹnu mi kò ní rìn kọjá ibẹ̀. Kí ẹnìkan bá mi gbé àga yìí wọlé.